Bí aago olówó ńlá ṣe ń di owó rẹ̀ mú: ìtọ́sọ́nà láti ọjọ́ ìrà dé ọjọ́ ìtà

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, wọ́n lu aago ọwọ́ kan ní gbàǹjo ní New York, owó tó wọlé lórí rẹ̀ sì jẹ́ 17,752,500 dọ́là. Rolex Daytona ni. Irin ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe wúrà, kò sì sí òkúta iyebíye kankan lára rẹ̀. Òṣèré fíìmù Paul Newman ló ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Joanne Woodward, ló rà á fún un, ó sì ní kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kó máa rọra wakọ̀. Nígbà tí irú aago yìí ṣì jẹ́ tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣe ló máa ń pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, torí ojú rẹ̀ kò wu àwọn oníbàárà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ irú ìròyìn báyìí, wọ́n sì ń rò pé kí èèyàn ṣáà ti ra aago olówó ńlá, kó tì í mọ́ inú àpótí, owó á máa gun orí owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aago olówó ńlá ló ń pàdánù owó lọ́jọ́ tí ẹni tó rà wọ́n bá gbé wọn jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dúró síbi tí wọ́n ti rà á, àwọn tó sì ń lé sókè kéré sí ìyẹn. Ohun tó gbé aago Newman dé ibi tó dé ni pé kò sí ẹni tó bà á jẹ́ pẹ̀lú àtúnṣe tí kò yẹ, pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àti pé fọ́tò pọ̀ tí a ti rí aago náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Èrò mi nìyí, òun ni mo sì máa gùn lé títí dé ìparí: owó àlòkù aago wà nínú ohun tí ọwọ́ kò tíì bàjẹ́ lára rẹ̀ àti ohun tí ẹ lè mú ẹ̀rí rẹ̀ wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣírò iye tó máa kù sí yín lọ́wọ́

Kí ẹ tó wo aago kankan, ẹ mú bébà. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ẹnì kan ra aago ní 10,000 dọ́là. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó tà á ní 14,000. Tí a bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, a ó ní èrè 4,000 ló jẹ. Ẹ wá yọ ohun tó yẹ kí ẹ yọ. Ẹni tó bá a tà á gba ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 1,120. Ó gbé aago náà lọ fún sáfíìsì lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, ó san 900. Ó ń san 100 lọ́dọọdún fún adójútòfò, ó di 1,000. Ohun tó bọ́ sí i lápò jẹ́ 10,980. Èrè 980 dọ́là ní ọdún mẹ́wàá kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Kò tán síbẹ̀. Bí ọjà bá ń wọ́n sí i ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, ohun tí 10,000 dọ́là ń rà lọ́jọ́ kìíní á máa gba nǹkan bí 13,400 lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń yọ̀ pé òun jèrè ti pàdánù ní tòótọ́. Àmọ́ ó ti wọ aago tó wù ú fún ọdún mẹ́wàá, ó sì gba owó tó fi rà á padà. Lójú tèmi, ìyẹn dára púpọ̀. Ẹ dárúkọ ohun mìíràn fún mi tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Torí náà, owó tí ẹ máa nílò láàárín ọdún márùn-ún, ẹ má fi ra aago. Ẹ má sì yá owó rà á. Èlé tí ẹ ó máa san lórí rẹ̀ máa ju ohunkóhun tí aago náà lè mú wá lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ilé iṣẹ́, kí ẹ wá mọ irú aago náà gan-an

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969, Seiko ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé Astron jáde, aago ọwọ́ oníbátìrì àkọ́kọ́ tó ń fi òkúta quartz ka àkókò tó dé ọjà. Láàárín ọdún mélòó kan, irú aago bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ bí rẹrẹ, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aago ní Swítsálándì kógbá wọlé. Àwọn tó kù rí i kedere pé wọn ò lè fi pípé àkókò jà mọ́. Títí di òní, àjọ COSC tó ń dán aago wò ní Swítsálándì gbà pé aago oníspíríńgì, èyí tí kò ní bátìrì tó jẹ́ pé spíríńgì ló ń gbé e ṣiṣẹ́, tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 4 sẹ́yìn tàbí 6 síwájú lọ́jọ́ kan ti yege. Aago oníbátìrì tí kò lówó lórí á na irú aago bẹ́ẹ̀ láìlàágùn.

Nítorí náà, kì í ṣe àkókò ni ẹ ń ra. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ ń ra, àti orúkọ, àti bí ó ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Ìdí nìyí tí aago oníbátìrì fi sábà máa ń já wálẹ̀, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ló ṣe é. Aago oníspíríńgì tó ti pé ọgọ́ta ọdún, oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ lè rọ èyí tó bá bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ti oníbátìrì, bí pátákó iná inú rẹ̀ bá kú tí ilé iṣẹ́ kò ṣe irú rẹ̀ mọ́, ó di ẹ̀gbà ọwọ́.

Nínú àwọn ilé iṣẹ́, mẹ́ta ni ọjà àlòkù ti fi ọkàn tán jù. Rolex bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1905 lọ́wọ́ Hans Wilsdorf àti Alfred Davis, kó tó kó lọ sí Geneva. Lẹ́yìn ikú Wilsdorf ní ọdún 1960, àjọ tó fi orúkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ náà, kò sì sí lórí pàṣípààrọ̀ ìpín ìdókòwò. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń fúngun mọ́ ọn pé kó tú ọjà dà sí ìta torí èrè oṣù mẹ́ta. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé kì í yára yí ìrísí padà. Submariner jáde ní ọdún 1953. Bí ẹ bá gbé ti àtijọ́ ẹ̀gbẹ́ tuntun, ẹ ó mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n, torí náà èyí tí ẹ bá rà lónìí kò ní dà bí aṣọ tí àṣà ti kọjá lọ lára rẹ̀ lógún ọdún sí i.

Patek Philippe ti wà láti ọdún 1839, ìdílé Stern ló sì ni ín láti 1932. Ilé iṣẹ́ yìí ń tún gbogbo aago tó ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣe, ohun tí ìlérí yẹn sì ń ṣe fún owó àlòkù kò kéré, torí ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín mọ̀ pé kò ní di òkú sí òun lọ́wọ́. Audemars Piguet jẹ́ ti 1875. Royal Oak tó gbé jáde ní ọdún 1972 jẹ́ aago irin tí owó rẹ̀ ga bíi ti wúrà, ọjà rẹ̀ sì falẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Gérald Genta ló ya á, òun náà ló ya Nautilus ti Patek tó jáde ní 1976. Àwọn méjèèjì ló wá di ohun tí èèyàn ń wá kiri lẹ́yìn ogójì ọdún.

Àwọn mìíràn wà tó dára gan-an tí owó wọn kì í dúró bẹ́ẹ̀. Omega Speedmaster ti 1957, tó dé orí òṣùpá ní 1969, jẹ́ aago tí mo bọ̀wọ̀ fún tọkàntọkàn. Síbẹ̀, àlòkù rẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ iye tuntun. Lójú ẹni tó gbọ́n, àǹfààní nìyẹn. Ká ní wọ́n ń ta aago kan ní 8,000 tuntun, tí àlòkù rẹ̀ ọlọ́dún méjì sì jẹ́ 5,000. Ẹni àkọ́kọ́ ti bá yín san 3,000 náà. Bí ẹ bá rà á ní 5,000, tí ẹ wọ̀ ọ́ fún ọdún márùn-ún, kò ṣòro kí ẹ tà á ní nǹkan tó sún mọ́ iye tí ẹ rà á.

Orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan kò tó o. Rolex kan wà tí àwọn èèyàn ń fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró dè, òmíràn wà tí ẹ ó tà ní ẹ̀dínwó. Aago irin tí wọ́n ṣe fún eré ìdárayá, omi, tàbí ọkọ̀ òfuurufú ló ń di owó mú jù. Aago wúrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń lọ òde máa ń já wálẹ̀ gan-an, àfi pé wúrà inú rẹ̀ kò jẹ́ kó já dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún wúrà oní-18 kárátì jẹ́ wúrà gidi. Bí ẹnì kan tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ bá ti to dáyámọ́ńdì sí i lára, ẹ sá fún un. Wọ́n ti lu ihò sí ara rẹ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè dí i padà. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ àti báàgì tó ń fi orúkọ wọn sí aago náà ń kọ́? Ẹ rà á bó bá wù yín, ẹ má kà á mọ́ dúkìá. Aago tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ibi tí owó rẹ̀ ti ń bọ̀

Patek gbé Nautilus 5711 jáde ní ọdún 2006, ó sì kéde ní 2021 pé òun kò ní ṣe é mọ́. Owó rẹ̀ fò. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọ̀kan tí ojú rẹ̀ ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ ti Tiffany, ilé iṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ṣe 170 péré, lọ ní gbàǹjo ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.5 dọ́là. Gbogbo ọjà aago ló ń gbóná lásìkò yẹn. Èèyàn ń ra aago láàárọ̀ kó lè tà á lálẹ́. Lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bí èlé ṣe ń gòkè tí owó kírípítò sì ń já wálẹ̀, owó àlòkù yí padà, ó sì ń lọ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó rà á lójú oòrùn tó mú jù ló gbé gbèsè náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago gidi ni wọ́n rà.

Ẹ má wo iye tí àwọn èèyàn kọ sára ọjà wọn. Ẹni tó bá ń tà lè kọ ohun tó bá wù ú. Iye tí wọ́n tà á gan-an ni kí ẹ wá, àwọn ilé gbàǹjo sì máa ń gbé èsì wọn síta fún gbogbo èèyàn. Ẹ wo ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó kéré tán. Bí òkè bá ga fíofío láàárín oṣù díẹ̀, ẹ ṣe sùúrù. Iye tuntun ní ṣọ́ọ̀bù náà ṣe pàtàkì: bí ilé iṣẹ́ bá ń fi owó lé e lọ́dọọdún, àlòkù máa ń rí ohun rọ̀ mọ́ láti gòkè díẹ̀díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ríra, àti bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò

Ọ̀nà tó mọ́ jù ni alágbàtà tí ilé iṣẹ́ fún láṣẹ, tí ẹ ó rà á ní iye tí ilé iṣẹ́ kọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé irú àwọn aago tí mo sọ yẹn kì í sí nílẹ̀, wọ́n á sì ní kí ẹ kọ orúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ ra aago méjì tí ẹ kò fẹ́ kí èyí tí ẹ fẹ́ lè yá, ẹ ro owó tí ẹ máa pàdánù lórí méjì yẹn mọ́ owó ẹ̀kẹta. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé ọjà àlòkù ìbá ti dín owó kù fún yín.

Rolex fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò àlòkù tó fi òǹtẹ̀ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, pẹ̀lú àdéhùn àtúnṣe ọdún méjì. Ó wọ́n ju ti ìta lọ, àmọ́ ọkàn yín á balẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Chrono24 ti ilẹ̀ Jámánì ti wà láti 2003, ó sì ní ètò tí owó yín fi ń dúró lọ́wọ́ wọn títí aago á fi dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má san owó tààrà fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. A kì í ra ẹja nínú ibú.

Ní ti gbàǹjo, ẹ rántí pé iye tí òòlù bá dún lé kọ́ ni ẹ máa san. Àwọn ilé gbàǹjo ńlá ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan lé e lórí fún ẹni tó rà á. Aago tí òòlù dún fún ní 20,000 lè di 25,000 kí ẹ tó gbé e délé, láì tíì sọ owó ibodè.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú wá le ju bó ṣe rí láyé àtijọ́ lọ. Nígbà kan, wíwúwo aago àti bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ ti tó láti mọ̀. Ní báyìí, àwọn kan ń ṣe èyí tó wúwo bákan náà, tí lẹ́tà ojú rẹ̀ sì mọ́ rekete. Wọ́n ń tẹ ìwé ayédèrú pẹ̀lú. Oníṣẹ́ tó dá dúró, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ń tà, ni kó bá yín ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kó wo ẹ̀rọ inú rẹ̀. Owó tí ẹ máa fún un kéré púpọ̀ sí ohun tó máa gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú ju ayédèrú lọ ni aago tí wọ́n kó jọ: ara rẹ̀ jẹ́ gidi, ojú rẹ̀ jẹ́ gidi, ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ gidi, àmọ́ aago mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti yọ wọ́n wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Omega Speedmaster àtijọ́ kan lọ ní gbàǹjo ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 3 fránkì Swítsálándì. Ní ọdún 2023, Omega fúnra rẹ̀ jáde wá sọ pé wọ́n tò ó jọ ni. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára rẹ̀ àti èyí tó wà lórí ẹ̀rọ inú rẹ̀ bó bá ní, kí ẹ wo bóyá ọdún wọn bára mu. Patek ti fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìwé láti inú àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe aago kan àti irú ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó aago àtijọ́, ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń tà á ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n kan tún wà fún aago àtijọ́. Ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn lójú aago tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 1960 sí òpin àwọn ọdún 1990 sábà máa ń ní tritium nínú, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà T sí ìsàlẹ̀ ojú aago náà. Agbára tritium ń dín sí ìlàjì ní ọdún méjìlá àti díẹ̀. Aago 1965 tó bá wá ń tàn gbòò lónìí, ẹnì kan ti kun ún lọ́dà tuntun nìyẹn, owó ńlá sì ti bọ́ lára rẹ̀. Tó bá kú fin-ín, tí ọ̀dà náà ti di àwọ̀ wàrà tó ti pẹ́, inú yín ni kó dùn. Èyí tó ṣáájú 1960 lè ní radium, tó léwu fún ara. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín ṣí i, ẹ má sì họ ojú rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fún The Watch Register ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Àkójọ aago tí wọ́n jí tàbí tó sọnù nìyẹn. Bí aago bá ti wà níbẹ̀, ẹ lè san gbogbo owó kí wọ́n sì tún gbà á lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: páálí àti ìwé

Kúkúrú ni èyí. Páálí, káàdì wáráńtì, rìsíìtì, ìwé ìlò, ègé séènì tí wọ́n yọ kó lè bá ọwọ́ yín mu, ìwé gbogbo àtúnṣe: ẹ kó gbogbo wọn pa mọ́, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ má sì tọ́jú wọn síbì kan náà pẹ̀lú aago. Bí olè bá wọlé, ìwé tó wà níbòmíràn ni ẹ ó gbé lọ fún ọlọ́pàá àti adójútòfò. Aago méjì tó jọra, tí ọ̀kan ní gbogbo rẹ̀ tí èkejì sì wà lásán, kì í lọ ní iye kan náà láé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: wíwọ̀ àti ìtọ́jú

Ẹ wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan kì í yọ ọ̀rá ara rẹ̀. Ní tèmi, ìdùnnú tí ẹ sọnù ju owó tí ẹ jèrè lọ. Àpá fífẹ́ẹ́rẹ́ tó wá láti ara lílò kì í pa aago.

Pọ́líìṣì ló ń pa á. Bí wọ́n bá ń pọ́líìṣì aago, ṣe ni wọ́n ń fá irin kúrò lára rẹ̀, irin tó bá sì ti lọ ti lọ nìyẹn. Mo ní aago kan rí tí igun mẹ́rin tí séènì so mọ́ ṣì mú ṣáṣá nígbà tó dé ọwọ́ mi. Mo gbé e lọ fún sáfíìsì, mi ò sì sọ fún oníṣẹ́ pé kó má fọwọ́ kan ara rẹ̀. Ó padà wá, ó ń dán gbinrin, àwọn igun náà sì ti yọ́ bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́dún méjì sí i, ẹni tó fẹ́ rà á gbé e wò lẹ́ẹ̀kan, ó rọra gbé e kalẹ̀. Ó dùn mí títí dòní. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ ọ́ sórí ìwé tí mo bá fi aago sílẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: ẹ má pọ́líìṣì rẹ̀, ẹ má pààrọ̀ ojú rẹ̀, ẹ má pààrọ̀ ọwọ́ rẹ̀, bó bá pọn dandan ẹ pè mí. Èyí tí wọ́n bá yọ, ẹ ní kí wọ́n dá a padà fún yín. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í dá a padà, torí náà ẹ béèrè kí ẹ tó fi aago sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ojú aago àtijọ́ tí wọ́n sọ nù sínú agbọ̀n ìdọ̀tí lè lówó ju gbogbo owó sáfíìsì lọ.

Ìgbà wo ni kí ẹ ṣe sáfíìsì? Rolex ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá síra, Omega ní ọdún 5 sí 8. Ẹ má dúró kó tó kú. Òróró inú ẹ̀rọ máa ń gbẹ, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Bí aago tó ń lọ déédéé bá ṣàdédé ń sáré, ó lè jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ló kó láti ara ẹ̀rọ agbóhùnsókè, kọ̀ǹpútà tàbí ìdè báàgì. Oníṣẹ́ lè yọ ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀ kejì. Rọ́bà tó ń dènà omi máa ń gbó, ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò lọ́dọọdún bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ lúwẹ̀ẹ́, kí ẹ sì rí i pé kókó tí ẹ fi ń wáìnì rẹ̀ ti lọ́ wọlé pátápátá kí ẹ tó kan omi. Bí ìkùukùu bá yọ nínú dígí rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, torí bó bá pẹ́ ojú rẹ̀ á ta àbàwọ́n. Èyí tó ń fi déètì hàn, ẹ má yí déètì rẹ̀ láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́ta òru tí aago náà fúnra rẹ̀ bá ń tọ́ka. Ìgbà yẹn ni eyín ẹ̀rọ déètì ti ń wọ ara wọn, ó sì lè kán.

Adójútòfò: ẹ jẹ́ kí wọ́n tún iye rẹ̀ ṣe ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta síra. Aago tí owó rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì tí ìwé ṣì ń pè ní iye àtijọ́, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n máa san.

Ìgbésẹ̀ keje: títà

Ẹni tí ìyà bá ń jẹ kì í tà á dáadáa, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di dandan. Bí ẹ bá fẹ́ owó lónìí, oníṣòwò àlòkù á fún yín, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ èrè tirẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé e fún un kó bá yín tà á, ẹ ó dúró, ẹ ó sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aago tó ṣọ̀wọ́n tàbí tó ní ìtàn ni kí ẹ gbé lọ sí gbàǹjo. Èyí tó wọ́pọ̀, owó tí wọ́n ń yọ níbẹ̀ á jẹ ẹ́ tán. Ẹ gba iye lọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ má ṣe sáfíìsì torí pé ẹ fẹ́ tà á, àfi bí kò bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń rà á lè ní oníṣẹ́ tirẹ̀ tó fọkàn tán. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ya fọ́tò rẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, ìdè séènì, àti ibi tó ti ní àpá. Ẹ sọ ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ọjà yìí, ẹni tó mọ nǹkan ń san owó púpọ̀ fún ẹni tó sọ òtítọ́, torí ìbẹ̀rù pé wọ́n fi nǹkan pa mọ́ ló ń mú kó máa bẹ́ owó wálẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fà á lé e lọ́wọ́, kó jẹ́ níbi tí èèyàn wà, bíi inú báńkì, kí owó sì ti wọlé kí ẹ tó na aago. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sórí rìsíìtì, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ mú ẹ̀dà kan. Ẹ pe adójútòfò kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kí ẹ tó dé páálí náà, ẹ wo inú dúrọ́ọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan sí i fún àwọn ègé séènì tí wọ́n yọ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Àwọn ni èèyàn máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ séènì tí kò pé kò lè yí ọwọ́ ẹni tó sanra ká.